Ta Ló Ń Mu Epo Ọkọ̀ Zinsu?

Ní Morogbo ni epo ti tán nínú ọkọ̀ ilé ìwòsàn kan, ní ọ̀sán gangan ọjọ́ Ajé, nígbà tí obìnrin kan ń rọbí lọ́wọ́ ní ìjókòó ẹ̀yìn. Ọkọ̀ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó mí kanlẹ̀, ó kú sí etí márosẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó tẹ̀lé wọn gba ìró lára ìyá ọkọ aboyún, ó fi ta ìbòjú, ibẹ̀ náà ló sì ti gbẹ̀bí. Ọba tí kì í tòògbé kò tòògbé lọ́jọ́ náà: ìyá yè, ọmọ ké. Ṣùgbọ́n kí oòrùn tó wọ̀, Zinsu awakọ̀ ti wà ní àhámọ́ ọlọ́pàá ní Badagry, ẹ̀sùn olè epo sì ti wà lọ́rùn rẹ̀.

Táńkì kíkún ni Zinsu sọ pé òun bu ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. Táńkì kíkún a máa gbé ọkọ̀ náà lọ sí Èkó bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, ó ti ń rí bẹ́ẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá. Gééjì epo ọkọ̀ ti kú tipẹ́, nítorí náà ìrìn ni Zinsu máa ń kà, kì í wo gééjì. Ó ka ìrìn mẹ́ta pé, ó bọ́ sí ẹ̀kẹrin, epo sì tán lójú ọ̀nà. Wọ́n yẹ ilé rẹ̀ wò, wọ́n bá kẹ́ẹ̀gì epo kan àti rọ́bà gígùn lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kí ló tún kù? Ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá ní bí ọjọ́ Ẹtì bá fi mọ́ láìsí ọ̀rọ̀ mìíràn, ilé ẹjọ́ ni.

Ìsípẹ́kítọ̀ Tẹjúmádé ni wọ́n gbé ìwé ẹjọ́ náà fún. Tẹjúmádé, obìnrin Ìsẹ́yìn, ọmọ atẹjúmọ́lẹ̀-rí-ipasẹ̀-èèrà, ọmọ a-wo-ojú-omi-mọ-ibi-tó-jìn. Kì í pariwo, kì í lu ènìyàn, kì í sì í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láìgbàdúrà. Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni: ọ̀rọ̀ yẹn ni ìyá rẹ̀ fi tọ́ ọ, òun náà ló sì fi ń ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá.

"Ṣé ẹ ti jẹun?" Ó bi Zinsu ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

"Kò wọ ọ̀nà ọ̀fun, Màdáámù."

Sájẹ́ǹtì Múyìwá, tó jókòó ti tábìlì tó ń kọ̀wé, fi imú rẹ́rìn-ín. "Ọ̀fun tó mu epo tó báyẹn! Zinsu, o ò bá kúkú jẹ́wọ́ ká lọ sinmi."

"Múyìwá." Tẹjúmádé kò gbé ohùn sókè. "Ọkùnrin yìí tó bí ọ. Bí o bá máa bú u, fi 'ẹ' bú u."

Múyìwá da ojú bo ìwé rẹ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni Zinsu, ìgbà wo lẹ ti kíyè sí i pé epo ń tètè tán?"

"Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo rò pé àwọn tó ń ta epo ló ń rẹ́ wa jẹ. Mo pààrọ̀ ilé epo lẹ́ẹ̀mejì."

"Ẹ ò sọ fún Dókítà?"

"Ẹni tó bá kọ́kọ́ ní epo ń sọnù, òun ni wọ́n á kọ́kọ́ wò, Màdáámù. Ẹ̀rù bà mí."

"Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, ṣé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ọkọ̀ náà? Ṣé wọ́n tún nǹkan ṣe lára rẹ̀?"

Láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, Zinsu ti ń wo obìnrin náà lójú. Nígbà tó gbọ́ ìbéèrè yìí ni ojú rẹ̀ já bọ́ sílẹ̀, tó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Rárá o. Ẹnìkankan kò fọwọ́ kàn án."

Ojú lọ̀rọ̀ wà. Tẹjúmádé rí i pé irọ́ ni. Ohun tó yà á lẹ́nu ni pé ojú ọkùnrin náà kò jọ ojú ẹni tó ń bo ara rẹ̀. Ó jọ ojú ẹni tó ń fi aṣọ bo ẹlòmíràn.

*

Ilé ìwòsàn náà wà ní Aradagun. Dókítà Jayéọlá, ọmọ Èkìtì tó dá a sílẹ̀, fúnra rẹ̀ ló jáde wá pàdé wọn, ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹni tí kò rí oorun sùn.

"Ọdún mọ́kànlá, Ìsípẹ́kítọ̀! Òun ló gbé ìyàwó mi lọ bí àkọ́bí wa. Mo sì dúró síhìn-ín, mo pè é lólè níwájú gbogbo òṣìṣẹ́. Kí ni ǹ bá ṣe? Ọmọ ìkókó yẹn ì bá kú!"

"Kò kú, Dókítà. Ẹ jẹ́ ká dúpẹ́, ká sì wo ọkọ̀."

Ọkọ̀ funfun gígùn kan ni, ó ti dàgbà. Lórí rẹ̀ ni irin káríà méjì wà ní ìbú, àpótí dúdú ńlá kan sì jókòó lé wọn lórí. Iwájú àpótí náà tẹ́jú pẹrẹsẹ bí ògiri, wọ́n sì fi ọ̀dà funfun kọ ọ́ síbẹ̀ pé: ÌRÁNTÍ NỌ́Ọ̀SÌ SEWANU. Òkú kòkòrò ti lẹ̀ mọ́ orúkọ náà débi pé Tẹjúmádé ní láti fi ìka họ wọ́n kúrò kó tó rí i kà.

"Nọ́ọ̀sì wa ni," Dókítà wí pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́. "Ó kú lọ́dún tó kọjá. Màmá Dosi, ìyá rẹ̀, ló fi àpótí yẹn ta wá lọ́rẹ, pé ká máa fi kó oògùn àti àwọ̀n ẹ̀fọn lọ sí abúlé. Ó ti lo oṣù méjì lórí ọkọ̀."

"Kí ló wà nínú rẹ̀?"

"Òfìfo ni. Àwọn àwọ̀n kò tíì dé."

Tẹjúmádé gbá a. Ó dún gbò, bí ilẹ̀kùn ilé tí ẹnikẹ́ni kò gbé. Múyìwá fi ọwọ́ kan mì í lórí irin tí wọ́n dè é mọ́. "Fúyẹ́fúyẹ́ báyìí! Eléyìí ò lè di ẹrù fún ẹnikẹ́ni." Tẹjúmádé mi orí, ó pa àpótí náà rẹ́ kúrò lọ́kàn. Àṣìṣe àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Ó ní kí Shamsudeen, mẹkáníìkì tó ń tọ́jú ọkọ̀ náà, wá wo abẹ́ rẹ̀. Shamsudeen wọ abẹ́ ọkọ̀ fún wákàtí kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan là ń rí.

"Táńkì ò jò o!" Ohùn rẹ̀ ń wá láti ìsàlẹ̀. "Páìpù ò jò! Ẹ́ńjìnnì dá ṣáká. Taya le dáadáa. Ọkọ̀ yìí lera jù mí lọ, Màdáámù."

Bí ọkọ̀ kò bá jò, ẹnìkan ń fa epo rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tún ń dà bọ̀ sórí Zinsu.

*

Ìwé kan wà tí Zinsu máa ń kọ ìrìn ọkọ̀ sí: ọjọ́ tó jáde, ibi tó lọ, ọjọ́ tó bu epo. Tẹjúmádé gbé e ka iwájú ní ọ́fíìsì, ó kọ́kọ́ di ojú rẹ̀. "Olúwa arínúróde, má jẹ́ kí n fi ìkánjú ti aláìṣẹ̀ mọ́lé." Lẹ́yìn náà ló ṣí ojú ìwé.

Kò pẹ́ tó fi pe sájẹ́ǹtì rẹ̀. "Múyìwá, wá wo nǹkan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni epo fi ń sọnù, àbí? Wo ọ̀sẹ̀ àárín. Abúlé nìkan ni ọkọ̀ lọ, ojú ọ̀nà iyanrìn, ìrìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Mélòó ló sọnù?"

Múyìwá fi ìka tọ ìlà. "Kò sí. Epo pé bó ṣe máa ń pé."

"Wo ti ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Èkó, Èkó, Èkó, márosẹ̀ ni gbogbo rẹ̀."

"Epo dínkù gan-an."

"Irú olè wo lèyí? Bí ọkọ̀ bá rọra rìn, kò jalè. Bí ọkọ̀ bá sáré, ó jalè."

"Bóyá Èkó ló ti ń tà á."

"Nọ́ọ̀sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ-bọ̀. Mo ti bi í léèrè, wọn kì í yà síbì kan."

Múyìwá họ orí. "Màdáámù, ó wá di ọ̀rọ̀ iwin nìyẹn."

"Iwin tó jẹ́ pé orí eré ló ti ń mu epo," ni Tẹjúmádé wí. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ti ń rò ó.

*

Zinsu ní kẹ́ẹ̀gì àti rọ́bà tí wọ́n bá nílé òun, ti Sagbo ni, ìkejì òun, tó ń wa ọkọ̀ ojú omi lọ sí Topo. Nítorí náà, ní Ọjọ́rú, wọ́n sọ̀kalẹ̀ lọ sí èbúté. Bí Múyìwá ṣe rí ọkùnrin tó dúró nínú ọkọ̀, ó fò sókè.

"Màdáámù! Ó ti sá jáde!"

"Ìbejì ni wọ́n, Múyìwá."

"Ẹ̀gbọ́n mi wà lọ́dọ̀ yín, ọ̀gá," Sagbo wí, pẹ̀lú Yorùbá tí ohùn Gun dùn nínú rẹ̀. "Ẹ má tún wá mú èmi kún un. Ta ló máa gbé oúnjẹ lọ fún un?"

Tẹjúmádé na kẹ́ẹ̀gì náà sí i. Sagbo gbóòórùn rẹ̀. "Tèmi ni. Epo tí a pò mọ́ ọ́ìlì fún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ omi ni. Ọkọ̀ ilẹ̀ kì í mu irú èyí."

Obìnrin náà ya bébà funfun kan, ó kán epo náà sí i, ó tẹ́ ẹ sínú oòrùn. Epo ọkọ̀ lásán ì bá fò lọ, kí bébà gbẹ. Ìkán yìí jókòó síbẹ̀, ó ń dán bí àkàrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú epo.

"Ó sì lè jí i kó tó pò ó," Múyìwá wí.

"Òótọ́. Bébà yìí kò dá a láre. Ṣùgbọ́n kẹ́ẹ̀gì náà kò dá a lẹ́bi mọ́. Ẹ gbé wa dé Topo, Sagbo, kí n rí ibi tí ẹ ti ń po epo."

Wọ́n bá àwọn èrò mìíràn wọkọ̀. Ẹ́ńjìnnì ké, ọkọ̀ gbéra, atẹ́gùn ọ̀sà ń fẹ́ bọ̀ lójúkojú. Wọn kò tíì jìnnà nígbà tí oòrùn mú ìyá kan tó jókòó níwájú. Ó ṣí agboòrùn rẹ̀, ó dojú rẹ̀ kọ iwájú. Lójú ẹsẹ̀ ni ohùn ẹ́ńjìnnì yí padà, ó ń kérora, eré ọkọ̀ sì dínkù.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa agboòrùn yẹn dé!" Sagbo kígbe. "Epo mi lẹ ń fún atẹ́gùn mu!"

Ìyá náà pòṣé. "Agboòrùn lásánlàsàn! Ṣé ó wúwo ni?"

"Kò wúwo, ìyá! Ó fẹ̀ ni! Gbogbo bó ṣe fẹ̀ yẹn, ẹ́ńjìnnì mi ló ń tì í!"

Ìyá náà ń kùn, ó pa á dé. Ẹ́ńjìnnì mí, ọkọ̀ sì tún sáré.

Tẹjúmádé ti dìde dúró láìmọ̀, ọkọ̀ sì fì. Múyìwá di ẹ̀wù rẹ̀ mú.

"Màdáámù! Mi ò mọ̀wẹ̀ o!"

"Ìwúwo ni mo ń wá," Ìsípẹ́kítọ̀ wí, ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Ìwúwo! Adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Sagbo, ẹ yí ọkọ̀ padà."

*

Shamsudeen ń jẹ ẹ̀bà nígbà tí wọ́n dé bá a.

"Ẹ̀yin lẹ gbé àpótí yẹn sórí ọkọ̀?"

"Èmi ni, Màdáámù. Mo fi nọ́ọ̀tì mẹ́rin dè é mọ́ káríà."

"Apá ibo lẹ kọ síwájú?"

"Imú rẹ̀ tó ṣe ṣóńṣó, kó lè la atẹ́gùn já. Ìdí rẹ̀ pẹrẹsẹ, tí orúkọ wà, ẹ̀yìn ló wà."

"Ẹ wá wò ó."

Shamsudeen dé ilé ìwòsàn, ó gbé ojú sókè. Ẹnu rẹ̀ là. "Subuhanallahi! Ta ló yí i? Ìdí ló wà níwájú!"

"Ẹ wo ọkọ̀ yìí fún odidi wákàtí kan lánàá."

"Abẹ́ lẹ ní kí n wò, Màdáámù. Ẹ ò ní kí n wo orí."

Ẹni tó ń wá àṣìṣe ẹlòmíràn, kó má gbàgbé tirẹ̀: Tẹjúmádé fúnra rẹ̀ ti fi èékánná họ orúkọ yẹn, ó sì ti pa àpótí rẹ́ nítorí pé ó fúyẹ́.

Ní kùtùkùtù Ọjọ́bọ̀, nígbà tí ọ̀nà ṣì dá, ó mú Dókítà Jayéọlá jókòó sínú ọkọ̀ náà, Múyìwá sì wà á. Wọ́n bu epo títí ó fi kún dé ọrùn. Láti Aradagun dé Morogbo, lọ-bọ̀, eré kan náà. Atẹ́gùn ń bú lókè orí wọn hùùù, tó fi jẹ́ pé Dókítà ń pariwo kó tó lè sọ̀rọ̀. Wọ́n padà, wọ́n tún bu epo kún dé ọrùn. Lítà méje ló gbà.

Shamsudeen yí àpótí padà, imú síwájú. Wọ́n tún lọ, wọ́n tún bọ̀. Ariwo náà rẹlẹ̀. Epo tó gbà kò tó lítà mẹ́fà.

Ó gbé àpótí kúrò pátápátá, pẹ̀lú irin káríà méjèèjì. Ìrìn kẹta dákẹ́ rọ́rọ́ bí ilé àdúrà. Lítà márùn-ún.

Dókítà jókòó sí ẹnu ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀. "Òfìfo ni àpótí yẹn. Báwo ni òfìfo ṣe ń mu epo?"

"Atẹ́gùn kò bèèrè ohun tó wà nínú rẹ̀, Dókítà. Ara rẹ̀ ló rí. Bí ọkọ̀ bá rọra ń lọ ní abúlé, atẹ́gùn á yà fún un. Bí ó bá sáré, ògiri ni ẹ́ńjìnnì ń tì láti ibí dé Èkó. Epo tó fi ń ti ògiri yẹn ni ẹ pè ní olè."

"Afẹ́fẹ́ ti fẹ́," Múyìwá kùn lẹ́yìn, "a ti rí fùrọ̀ adìyẹ."

*

Ìbéèrè kan ló kù, Tẹjúmádé sì bi í ní àhámọ́, òun àti Zinsu nìkan.

"Ẹ fi nọ́ọ̀tì mẹ́rin sílẹ̀, ẹ yí àpótí, ẹ tún dè é. Ta ló ní kẹ́ ẹ ṣe é?"

Ọkùnrin náà yí ojú sí ògiri.

"Ọ̀la ni ilé ẹjọ́, Ọ̀gbẹ́ni Zinsu. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́."

"Kó bá mi dákẹ́, Màdáámù," ni Zinsu wí. Omi ti gba ojú rẹ̀. "Mo ti ṣe ìlérí."

Kò bi í mọ́. Ta ni ì bá fẹ́ kí orúkọ Sewanu kọjú síwájú, bí kò ṣe ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ náà? Ó ránṣẹ́ sí Màmá Dosi.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, gbogbo òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn pé sí àgbàlá. Wọ́n ti gbé àpótí padà sórí ọkọ̀ bí wọ́n ṣe bá a, kí gbogbo ojú lè rí i. Múyìwá ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ ọlọ́pàá fún Zinsu, ó sì mú un sọ̀kalẹ̀. "Ẹ rọra o, bàbá," ó wí.

Dókítà Jayéọlá bọ́ síwájú wọn. "Ní ọjọ́ Ajé, mo dúró níhìn-ín, mo ní olè ni Zinsu. Irọ́ ni mo pa. Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi." Ó sì dọ̀bálẹ̀ fún awakọ̀ rẹ̀ nínú yanrìn. Kí àyà rẹ̀ tó kanlẹ̀ ni Zinsu ti di apá rẹ̀ mú. "Ó tó, Dókítà, ó tó. Ẹ dìde."

Nígbà náà ni obìnrin arúgbó kan la àárín èrò kọjá, aṣọ ọ̀fọ̀ wà lára rẹ̀, kò wo ẹnikẹ́ni àfi Zinsu.

"Zinsu. Èmi ni mo bẹ̀ ọ́ pé kí o yí i, pé má sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo wá sunkún lórí ọkọ̀." Ó yíjú sí àwọn tó kù. "Ọjọ́ ìrántí ọmọ mi, bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ọkọ̀ yìí ń bọ̀, gbogbo èrò dìde láti kí i. Wọn ò rí orúkọ. Ìgbà tó kọjá tán ni wọ́n tó rí i. Ẹ̀gbọ́n mi bi mí pé, 'Dosi, ṣé ẹ̀yìn lọmọ rẹ fi ń rìn ni?' Nínú ilé wa, ojú la fi ń pàdé ara wa. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára." Ó tún yíjú sí awakọ̀. "Ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ gbé ọ lọ sílé ẹjọ́ nítorí mi. O dákẹ́? Kí ló dé?"

"Ẹ ti sunkún tó, Màmá," Zinsu dáhùn. "Bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á ní ẹ̀bùn Sewanu ló fẹ́ pa ọmọ ìkókó. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ọ."

Dókítà súnmọ́ ìyá náà. "Màmá, àpótí náà lè wà bẹ́ẹ̀. A ó máa bu epo sí i."

"Rárá." Màmá Dosi súnmọ́ ọkọ̀, ó na àtẹ́lẹwọ́ sí orúkọ náà. "Sewanu mi, arìnnà-kánkán, ọmọ tí aláìsàn kì í pè lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ gbọ́, Dókítà. Ọmọ mi kò dá aláìsàn dúró rí nígbà ayé rẹ̀. Kò ní ti orí mi bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tí ẹrù bá wà, ẹ gbé e gùn ún, imú síwájú. Ọjọ́ tí kò bá sí, kó sinmi nílé. Ta ló ní sípánà?"

Shamsudeen nà án sí Zinsu. Màmá Dosi ló gbà á.

"Màmá, ó ga jù," ni Zinsu wí.

"Wá bá mi gbé ẹsẹ̀ mi."

Dókítà sáré gbé àga wá, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹsẹ̀ àga náà mú. Màmá Dosi gun orí rẹ̀, Zinsu dúró tì í, ó fi ọwọ́ tirẹ̀ lé ọwọ́ ìyá náà lórí sípánà. Nọ́ọ̀tì àkọ́kọ́ le. Wọ́n jọ fà á.